Ìdọ̀tí Tó Ń Kàwé ní Pálọ̀ Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Kò sẹ́ni tó kí ìyá mi àgbà rí láìkọ́kọ́ fọwọ́. Bí o bá ti na ẹsẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà wọn ní Ìkòsì, kó o tó kúnlẹ̀, kó o tó sọ pé "Ẹ káàárọ̀, Mà," ohùn wọn á ti pàdé rẹ láti inú ilé: "Ṣé o ti fọwọ́?" Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi wà níbẹ̀, ike ìbomi wà níbẹ̀, ọṣẹ wà nínú àwo pẹlẹbẹ kan. Ọmọ ilé ń fọwọ́, àlejò ń fọwọ́, ẹni tó wá wo mítà iná ń fọwọ́. Ààfáà kan wá ṣe àdúà fún wọn lọ́jọ́ kan, omi àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n ní kó lọ fọwọ́. Ó ní, "Àlàájà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá ni o." Ìyá Àgbà ní, "Ti Ọlọ́run lẹ ṣe yẹn. Tèmi ló kù."

Ìgbà òjò ọdún yìí ni wọ́n lọ, lórí ibùsùn wọn, lẹ́yìn àìsàn tí kò pẹ́. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà. Mo sunkún débi tí ojú mi wú. Àmọ́ nígbà tí àwọn obìnrin tó wẹ̀ wọ́n jáde, ọ̀kan nínú wọn nu ọwọ́ rẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Kí la rí wẹ̀ lára Àlàájà?" Bí mo ṣe ń sunkún náà ni ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu. Kò yà mí lẹ́nu. Láti kékeré ni ìyá yìí ti máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí n ti rẹ́rìn-ín.

Mi ò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ọmọ Òkehò ni wọ́n. Ọkọ wọn wa mọ́tò, ó gbé wọn wá sí Èkó, wọ́n sì ta ọṣẹ ní ọjà Kétu títí orúnkún wọn fi ní ó tó. Ìyẹn náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni ìwà wọn, kí n tó gbàgbé bí ó ṣe ń dùn mọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n ṣì ń tajà, wọn kì í pe oníbàárà. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ gígùn wọn, wọ́n á máa wo ọrùn ẹ̀wù àwọn tó ń kọjá. Bí ti ẹnì kan bá ti dúdú díẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọrùn ẹ̀wù yín ń pè mí." Àwọn kan á bínú lọ, ọ̀pọ̀ á ra ọṣẹ. Ọkùnrin kan tó bínú lọ padà wá lọ́sẹ̀ kejì nínú ẹ̀wù funfun báláú. Ó dúró gbọnyin níwájú wọn, ó bi wọ́n pé ṣé ọrùn ẹ̀wù òun ṣì ń pè wọ́n. Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n ní, "Rárá, ó ti dákẹ́. Sọ́ọ̀kì yín ló kù tó ń sọ̀rọ̀."

Ẹnì kan péré ni ọṣẹ wọn kò ràn, ìyẹn ni Ìyá Ṣadé tó ni ilé kejì. Kìrìsìtẹ́nì ni Ìyá Ṣadé, ẹgbẹ́ ni òun àti Ìyá Àgbà, gọ́tà kan ló sì là wọ́n láàárín. Lápá ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, o lè rí òjìji ara rẹ nínú omi gọ́tà yẹn. Lápá kejì, èèpo iṣu, ìyẹ́ adìyẹ àti omi ìrẹsì ló ń bá ara wọn gbé níbẹ̀. Ní àràárọ̀, Ìyá Àgbà á gbá ilẹ̀ títí dé ààlà, wọ́n á dúró, wọ́n á sì fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ "pàà, pàà" kí ẹni tó ń sùn lè gbọ́. Ìyá Ṣadé á yọ orí lójú fèrèsé.

"Àlàájà, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi!"

"Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín ti sinmi fún gbogbo wa."

Síbẹ̀, bí Iléyá bá dé, ilé Ìyá Ṣadé ni ẹran àkọ́kọ́ ń lọ. Bí Kérésìmesì bá dé, ilé wa ni abọ́ ìrẹsì àkọ́kọ́ láti ibẹ̀ ń bọ̀. Ìyá Àgbà á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á fọ abọ́ náà, wọ́n á tún un fọ̀, kí wọ́n tó dá a padà. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé bí wọ́n bá gbà pé ọ̀bùn ni Ìyá Ṣadé, kí ló dé tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ní, "Mo mọ ọwọ́ ẹ̀ nídìí ọbẹ̀. Abọ́ ẹ̀ ni mi ò mọ̀ dáadáa."

Ibi tí èmi àti Ìyá Àgbà ti wá di ọ̀rẹ́ gidi ni kíláàsì Sátidé. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ pọ̀, àkókò kéré, tábìlì sì máa ń wà láàárín ọmọ àti ohun tó yẹ kó fọwọ́ kàn. Mo wá dá kíláàsì kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó bá fẹ́ràn ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, láti Ìkòsì, Kétu àti Alápẹ̀rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan la kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tó yá, àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, a sì di aláìnílé. Mo ń ráhùn fún Ìyá Àgbà nídìí oúnjẹ, mo rò pé wọn ò gbọ́, torí egungun ẹja ni wọ́n ń yọ. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé àwọn ọmọ yẹn máa ń bọ́ bàtà?"

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti sún àga pálọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn fúnra wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń yẹ èékánná ọmọ kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ kan ní omi kò sí nílé àwọn ni òun kò ṣe wẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrànmọ́. Omi rèé, wá." Inú bí ọmọ náà, ó wẹ̀, ó wọlé, ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ ò rí i? Ìdọ̀tí ló bo ọpọlọ ẹ̀."

Ìjà wa àkọ́kọ́ lórí sáyẹ́ǹsì kò pẹ́ rárá kó tó dé. Mo da omi sínú àwo fífẹ̀, mo wọ́n iyèré lílọ̀ sí ojú rẹ̀, mo ní kí ọmọ kan fi ìka kàn án. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó fi ọṣẹ díẹ̀ pa ìka náà, kó tún kàn án. Wéré, gbogbo iyèré sá lọ sí etí àwo. Kí àwọn ọmọ tó pariwo ni Ìyá Àgbà ti pariwo lẹ́yìn kọ́tìnì tí wọ́n ti ń yọjú. "Mo ti ń sọ ọ́! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń sọ ọ́! Ìdọ̀tí ń sá fún ọṣẹ!"

Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe sísá. Mo ní ojú omi dà bí awọ tó nà tantan, ọṣẹ ló dẹ̀ ẹ́ lójú kan, ni ibi tó kù bá fa iyèré mọ́ra lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Àgbà fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n mi orí bí ẹni tó gbà. Mo ti ń dunnú. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọṣẹ pa ìka tiwọn, wọ́n kan omi, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Àyìnkẹ́, o kàwé, mo gbà. Àmọ́ ó ń sá. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àlejò tó wọ pálọ̀ yẹn tí wọn ò bu omi sí àwo fún, títí kan Ààfáà alálùwàlá.

Wọ́n tún bá mi kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá nínú ìṣirò, bí a bá lè pe ìyẹn ní kíkọ́. Wọ́n mú ọṣẹ gígùn kan jáde, wọ́n fi òwú gé e sí mẹ́ta níwájú àwọn ọmọ. Apá kan gùn, apá kan kúrú, ẹ̀kẹta sì jẹ́ pẹ́ńpẹ́. Àwọn ọmọ fárígá. "Ìyá, kò dọ́gba!" Ìyá Àgbà fọwọ́ lérán, ojú wọn mọ́ roro. "Mẹ́ta lẹ ní kí n gé e sí. Ta ló dárúkọ dídọ́gba?" Ariwo yẹn ṣe ohun tí ǹ bá fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe. Kò sí ọmọ kíláàsì yẹn tó gbàgbé mọ́ pé ìdá mẹ́ta kì í ṣe ìdá mẹ́ta àfi tó bá dọ́gba. Àwọn ọmọ fi rúlà wọn ọṣẹ òmíràn, wọ́n gé e, olúkúlùkù gba tirẹ̀ lọ sílé. Ìyá Àgbà ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà: "Ìdá mẹ́ta tìẹ rèé. Lọ fi wẹ ara ẹ lódindi."

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ tòmátì báyìí.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì tó ń jẹ́ Rọfíà. Ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì ní Mile 12. Bí ọkọ̀ akẹ́rù láti òkè Ọya bá pẹ́ lọ́nà, apẹ̀rẹ̀ tòmátì á dé pẹ̀lú omi tó ń ro, ìyá náà á sì wálé lọ́wọ́ òfo. Rọfíà bi mí ní Sátidé kan pé, "Àǹtí, kí ló ń jẹ tòmátì yẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa?" Mo ní àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni.

"Ta ló wá rí wọn?"

"Awò kan wà tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Maikirosíkóòpù ni wọ́n ń pè é."

"Ṣé ẹ ní i?"

Mi ò ní. Rọfíà wò mí bí ẹni tí mo ń pa àlọ́ fún. Ó dùn mí dọ́kàn.

Láàárín ìgbà yẹn ni àjọ kan tó ń ran irú kíláàsì tiwa lọ́wọ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wò wá. Kíláàsì tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fi iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn dáhùn ìbéèrè ara wọn dáadáa ni wọ́n máa fún ní irú awò yẹn. Ìbéèrè wa ti wà nílẹ̀. Ìyá Rọfíà fún wa ní tòmátì tó rí bákan náà. Àwọn ọmọ kó díẹ̀ sínú ọ̀rá, díẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, díẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n gbé sínú abọ́ ńlá tó ní yanrìn tútù, tí wọ́n fi aṣọ tútù bò. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, torí eku pọ̀ lẹ́yìn ilé. Rọfíà ń wá bomi rin yanrìn náà bó bá ti kúrò nílé ìwé. Ìyá Àgbà fara dà á, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Nígbà tí ọ̀rá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, wọ́n sọ fún mi pé, "Ọmọ ẹ ń sin ìdọ̀tí bí ẹni ń sin adìyẹ."

Ọjọ́ àlejò pé. Mo tètè dé, inú mi ń dùn. Láti ẹnu géètì ni òórùn ọbẹ̀ ti pàdé mi, òórùn ọbẹ̀ ata tó yẹ kó mú èèyàn dunnú. Pálọ̀ mọ́ débi pé ó ń dán. Mo wo kọ̀rọ̀. Wọ́n ti fọ ìkòkò amọ̀, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ wà lórí okùn lóde, ó ń gbẹ.

"Ìyá Àgbà, tòmátì àwọn ọmọ dà?"

"Èyí tó bàjẹ́, mo ti dà á nù. Àlejò ń bọ̀, ṣé nínú òórùn yẹn ni wọ́n á jókòó?"

"Èyí tí kò bàjẹ́ ńkọ́? Ti inú ìkòkò?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí ilé ìdáná. "Ìyẹn le dáadáa, àfi bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ já a! Òun ni mo fi se ọbẹ̀. Ẹja tútù ni mo fi sí i."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Lójú tiwọn, ohun tó yẹ kí onílé ṣe ni wọ́n ṣe. Àlejò kì í wọlé bá òórùn, àlejò kì í sì lọ lébi. Rọfíà dé, ó wo kọ̀rọ̀, ó gbóòórùn, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. "Àǹtí," ó ní, "wọ́n ti se project wa." Ó jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo ní àwòrán tòmátì náà tí wọ́n ń yà sínú ìwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣì wà. Ó ní, "Àwòrán lásán ni. Ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán."

Àwọn àlejò wọlé kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Wọ́n fọwọ́, wọ́n jókòó. Ìyá Àgbà ti gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ síwájú wọn. Ọkùnrin náà gbé síbí kan sẹ́nu, ó ní, "Mà, ọbẹ̀ yìí dùn o." Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti gbọ́ ẹkún láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jáde lọ bá Rọfíà. Mo rí i tí wọ́n tẹ̀ ba, tòun ti orúnkún tó ń dùn wọ́n, tí wọ́n ń bi í léèrè. Rọfíà sọ ohun tí ìkòkò yẹn wà fún. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ awò. Ojú Ìyá Àgbà yí padà.

Ọ̀pọ̀ àgbà tí mo mọ̀ ni ì bá ní kí ọmọ náà dákẹ́, pé tòmátì pọ̀ ní Mile 12. Ìyá Àgbà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ Rọfíà mú, wọ́n wọlé, wọ́n dúró láàárín pálọ̀ níwájú àwọn àlejò. "Ẹ má bínú," wọ́n ní. "Ẹ rọra jẹun, àmọ́ ẹ gbọ́ mi. Iṣẹ́ àwọn ọmọ lẹ̀ ń jẹ yẹn."

Síbí ọkùnrin náà dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu.

Ìyá Àgbà sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pa mọ́, pé ọwọ́ àwọn ló ṣe é, pé àwọn ọmọ kò jẹ̀bi. Obìnrin náà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní ó dun àwọn, àmọ́ àwọn kò lè fún èèyàn ní awò nítorí ohun tí àwọn jẹ. Bí àwọn ọmọ bá tún un ṣe, àwọn á padà wá lẹ́yìn Iléyá. Ìyá Àgbà yíjú sí Rọfíà. "O gbọ́? Bẹ̀rẹ̀. Èmi ni màá ṣọ́ ọ."

Lẹ́yìn Iléyá, ni wọ́n wí. Ìyẹn ni pé ọjọ́ Iléyá gan-an ni tòmátì inú ọ̀rá máa jẹrà jù. Ọjọ́ yẹn sì ni gbogbo ẹbí wa láti Òkehò, gbogbo ará àdúgbò àti àwọn oníbàárà àtijọ́ máa ń wá jókòó ní pálọ̀ tó mọ́ jù ní Ìkòsì. Mo ní ká gbé e lọ sílé mi. Rọfíà ní bí a bá gbé e kúrò lójú kan, kì í ṣe nǹkan kan náà mọ́. Ìyá Àgbà ní ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ tán. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà tún dà á nù bí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀, Ìyá Àgbà fúnra wọn ti gbé gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì onígíláàsì láàárín pálọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, níbi tí ojú gbogbo èèyàn á ti máa rí i.

Ẹ bá mi wo Iléyá yẹn. Ìyá Àgbà wọ léèsì funfun, ọwọ́ wọn ń rùn fún ọṣẹ. Níwájú wọn, tòmátì inú ọ̀rá ti di omi pupa, irun funfun ti hù lórí èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí ń wo ara wọn. Àbúrò bàbá mi fẹ́ gbé ọ̀rá náà jáde, Ìyá Àgbà kàn wò ó, ó jókòó padà. Ẹ̀gbọ́n kan ń jẹ ẹran pẹ̀lú ìka méjì ní imú.

Ìyá Ṣadé ló wá wọlé. Ó fọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ó gbójú sókè, ó sì rí ohun tó wà lórí tábìlì. Ìdùnnú tó bo ojú rẹ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi ìgbálẹ̀ jí i, gbogbo abọ́ tí wọ́n ti tún fọ̀, ẹ̀san rẹ̀ ló wà lórí gíláàsì yẹn.

"Àlàájà! Nínú pálọ̀ yín? Lọ́jọ́ ọdún?"

Mo mọ ohun tó ná ìyá mi àgbà láti jókòó síbẹ̀. Mo rí ìka wọn tó ń fa etí léèsì. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà wọ́n, kí wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ọmọdé ni, àwọn kò mọ̀ sí i. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n sún àga kan síwájú. "Ẹ jókòó, Ìyá Ṣadé. Ìdọ̀tí yẹn ń kàwé. Ẹ má dí i lọ́wọ́."

Àwọn àlejò padà wá bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Rọfíà dúró ti tábìlì, ó ṣí aṣọ orí ìkòkò, ó fi tòmátì tó ṣì le lé obìnrin náà lọ́wọ́. Obìnrin náà bi í pé kí ló jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Rọfíà ní, "Mi ò tíì mọ̀, Mà. Ó lè jẹ́ òtútù, ó lè jẹ́ omi. A máa tún dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò." Obìnrin náà wo ẹnì kejì rẹ̀. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé awò ti di tiwa. Ìyá Àgbà gbé oúnjẹ jáde, ọkùnrin náà sì rọra béèrè ohun tí wọ́n fi se ti òní. Wọ́n ní, "Ilá ni. Ẹ jẹun. Ilá kò sí ní kíláàsì."

Nígbà tí a gba awò náà, Rọfíà ló kọ́kọ́ wò ó. "Àǹtí, wọ́n pọ̀ bí èrò Mile 12." Ó wá sún sẹ́yìn fún Ìyá Àgbà. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo igbó kékeré tó hù lára tòmátì, àwọn ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín àti àwọn orí rẹ̀ roboto. Wọn ò gbé ojú kúrò. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń bá wọn jà," wọ́n ní, ohùn wọn rẹlẹ̀, "mi ò rí ojú wọn rí." Wọ́n tún wò ó. "Wọ́n mà lẹ́wà o." Wọ́n nàró. "Ó yá, gbogbo yín, ẹ lọ fọwọ́."

Awò yẹn ló wá fún wọn ní èrò tó kẹ́yìn. Wọ́n ní kí kíláàsì bá àwọn dán ìjà kan tó ti pẹ́ wò. Wọ́n ní kí a mú ègé búrẹ́dì méjì láti ara ìṣù kan náà. Àwọn á fọwọ́, àwọn á tẹ ọ̀kan. Ìyá Ṣadé á tẹ èkejì bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí nígbà tó bá ti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà dé. Ìyá Ṣadé gbà. Ó ní ojú máa ti Àlàájà. Rọfíà sọ ègé kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ó fi òwú pupa di ti Ìyá Àgbà, ó fi òwú dúdú di ti Ìyá Ṣadé, ó kó wọn sórí tábìlì, ó sì kìlọ̀ fún àwọn àgbà méjèèjì pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tú u.

Ara Ìyá Àgbà gbóná lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ọjọ́ tí mo bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo rò pé wọ́n ń sùn. Wọ́n lanu díẹ̀. "Ti Ìyá Ṣadé ńkọ́?" Mo ní kò tíì sí nǹkan lára rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní sùúrù fún un. Ó máa bu."

Ní ọjọ́ fídáù Ìyá Àgbà, àwọn àǹtí mi ń gbá ilé kí àwọn ààfáà tó dé. Ọ̀kan rí ọ̀rá méjèèjì, ó pòṣé, ó kó wọn, ó kọrí sóde. Ohùn kan ké láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ fi sílẹ̀! Ìdọ̀tí yẹn ń kàwé!" Ìyá Ṣadé ni. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ àǹtí mi, ó sì gbé e padà sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a yí tábìlì ká. Ti òwú pupa ṣì funfun bí ó ṣe wà. Ti òwú dúdú ti hu irun bí ewéko, ìka márùn-ún Ìyá Ṣadé hàn lára rẹ̀ kedere. Rọfíà bù díẹ̀ sábẹ́ awò, Ìyá Ṣadé sì wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Àlàájà borí mi," ó ní. "Ó kú tán, ó ṣì borí mi." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà bá a sunkún, mo bá a rẹ́rìn-ín, bí ìyá mi àgbà ṣe máa ń ṣe mí.

Rọfíà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan kò tó, pé ó yẹ ká tún un ṣe ká tó gbà á gbọ́. Ó wá rántí. "Ṣùgbọ́n Àǹtí, ọwọ́ ta la máa fi ṣe ọwọ́ tó mọ́?"

Ìyá Ṣadé fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Tèmi," ó ní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pẹ́. Mo ń sáré bọ̀ láti Kétu, ẹrù kíláàsì wà lọ́wọ́ mi méjèèjì, mo ti ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ nínú pálọ̀. Mo ti na ẹsẹ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà kí n tó rí bọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ọṣẹ nínú àwo pẹlẹbẹ, àti ẹni tó jókòó sórí àga ìyá mi àgbà.

"Àyìnkẹ́," Ìyá Ṣadé ní, "ṣé o ti fọwọ́?"

Mo sọ ẹrù mi kalẹ̀, mo padà sẹ́yìn, mo fọ ọ́.